Ọbẹ̀ Tí Ó Dùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Egungun àti Àjákù Ẹran

Àwọn àgbà a máa sọ pé, "Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á." Òwe yìí jẹ́ òtítọ́ ní apá kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ni owó púpọ̀ wọ inú rẹ̀ tí kò sì dùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin wà ní Ìdóàní, ní Ìfọ̀n, ní Ọ̀wọ̀ àti ní àwọn abúlé oko tí ó yí wọn ká, tí owó ọwọ́ wọn kò tó nǹkan, síbẹ̀ tí òórùn ọbẹ̀ wọn a máa dá èrò ọ̀nà dúró. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ìmọ̀ iná àti sùúrù. Ó yẹ kí olúkúlùkù olórí ilé àti ìyàwó ilé fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó kan àpò, ó kan ara, ó sì kan ẹ̀mí àwọn ọmọdé pẹ̀lú.

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lọ sí ibi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. A ó ta itan, a ó ta àyà, a ó ta ẹ̀dọ̀ àti ṣàkì. Bọ̀kọ̀tọ̀ àti pọ̀nmọ́ pàápàá, tí ó jẹ́ oúnjẹ tálákà nígbà kan rí, ti di ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń dù. Ṣùgbọ́n egungun tí a ti gé ẹran kúrò lára rẹ̀, iṣan, àjákù tí ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, àti egungun adìyẹ tí ó kù lẹ́yìn àsè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ajá ń jẹ, tàbí tí ó ń jẹrà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó da ìwọ̀nyí nù ní òwúrọ̀, òun kan náà ni yóò rán ọmọ lọ ra kóró Mágì ní ìrọ̀lẹ́. Ó sọ adùn nù, ó sì tún fi owó ra adùn.

Ìtìjú ni ó fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin kì í fẹ́ kí a rí òun kí òun máa bẹ alápatà fún egungun, kí àwọn elẹ́nu má baà wí pé ọkọ rẹ̀ kò lè ra ẹran. Ìtìjú yìí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní òkè òkun kò tijú egungun. Wọ́n ń rà á, wọ́n ń sọ ọ́ di adùn, wọ́n sì ń jèrè lórí rẹ̀.

Àwọn tí ó ń ka Bíbélì mọ ìtàn Rèbékà. Ẹran ìgbẹ́ ni Ísáákì béèrè. Ọmọ ewúrẹ́ méjì láti inú agbo ni Rèbékà fi se oúnjẹ rẹ̀, baba arúgbó náà kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ní ẹnu. Ẹ̀tàn tí ó wà nínú ìtàn náà kò yẹ ní àfarawé. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé láti ìgbà láéláé ni a ti mọ̀ pé adùn kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ ẹran nìkan. Ọwọ́ tí ó sè é a máa dá adùn sílẹ̀.

Báwo ni ọwọ́ ṣe ń dá adùn sílẹ̀? Ẹran tútù kò ní òórùn tí ó ń mú itọ́ wá sí ẹnu. Bí a bá bọ̀ ọ́, ó dùn níwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí a bá dín in tàbí tí a yan án, òórùn rẹ̀ a gba gbogbo àdúgbò. Ní ọdún 1912, oníṣègùn ará Faransé kan, Louis Camille Maillard, fi hàn pé bí a bá mú àwọn èròjà wẹ́wẹ́ tí a fi kọ́ ara ẹran, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amino acid, tí a sì gbé wọn ka iná pọ̀ mọ́ ṣúgà, àwọn méjèèjì a so pọ̀, àwọ̀ wọn a sì di rúsúrúsú. Ní 1953, John Hodge, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan, to ìṣísẹ̀ iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Láti inú ìsopọ̀ yìí ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún òórùn ti ń jáde: òórùn búrẹ́dì gbígbóná, òórùn ẹ̀pà yíyan, àti òórùn ẹran sísun.

Iṣẹ́ yìí kì í yára nínú omi. Omi inú ìkòkò lásán kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 Celsius lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà tí ojú ẹran bá gbẹ tí ó sì gbóná tó bí 140 ni àwọ̀ rúsúrúsú náà ń yọ kíákíá. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi ń bọ ẹran, tí wọ́n sì tún ń dín in kí wọ́n tó sọ ọ́ sínú ọbẹ̀. Ìdí nìyí tí àsun àwọn ará Oǹdó àti súyà àwọn Haúsá fi ní adùn tí ẹran bíbọ̀ kò ní. Àwọn ìyá kò ka ìwé Maillard, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí a tó bí i.

Àlùbọ́sà náà ní ipa tirẹ̀, nítorí pé ṣúgà wà nínú rẹ̀, imí ọjọ́ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Imí ọjọ́ yìí ni olórí ohun tí ó ń mú kí òórùn jọ ti ẹran. Ní 1960, àwọn òṣìṣẹ́ Unilever gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń se cysteine, èyí tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, pọ̀ mọ́ ṣúgà, tí òórùn ẹran fi ń jáde láìsí ẹran níbẹ̀. Ní ti ìyàtọ̀ òórùn ewúrẹ́ sí ti màlúù, inú ọ̀rá ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Ìtàn òwò adùn yìí gùn. Ní 1847, Justus von Liebig ti ilẹ̀ Jámánì kọ̀wé nípa ọ̀nà tí a fi lè fa omi ẹran yọ, kí a sì sè é títí yóò fi ki. Ní ilẹ̀ Uruguay nígbà náà, nítorí awọ ni a ṣe ń pa ọ̀pọ̀ màlúù, ẹran wọn a sì máa ṣòfò. Ní 1865 ni a dá ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Liebig sílẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Fray Bentos ní ẹ̀bá odò, láti sọ òfò náà di ọrọ̀. Bí 30 kìlógíráàmù ẹran ni ó ń di kìlógíráàmù kan. Julius Maggi, ará Switzerland, mú omi amóbẹ̀dùn jáde ní 1886, kóró tirẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1908. Ní ọdún 1908 yìí kan náà, Kikunae Ikeda ní Japan rí glutamate nínú ewéko òkun tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, ó sì pe adùn rẹ̀ ní umami. Nestlé, tí ó ni orúkọ Maggi, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1961.

Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ adùn a máa kó egungun àti àjákù ẹran jọ, wọn a lọ̀ wọ́n, wọn a fi ohun tí ó ń gé púrótéènì sí wẹ́wẹ́ rẹ̀ wọ́n, wọn a sì fi ṣúgà díẹ̀ sí i kí wọ́n tó gbé e ka iná. Ọ̀kan nínú àwọn ohun agéran bẹ́ẹ̀ ni papain, tí a ń rí nínú oje ìbẹ́pẹ. Àwọn tí ó máa ń fi ìbẹ́pẹ dúdú tàbí ewé rẹ̀ se ẹran líle kí ó lè tètè rọ̀ ti mọ iṣẹ́ oje náà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí, ìlú a máa pín sí méjì. Àwọn kan a ní májèlé ni kóró Mágì. Àwọn mìíràn a ní kò sí ọbẹ̀ tí ó lè dùn láìsí i. Àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà. Glutamate tí wọ́n ń bẹ̀rù wà nínú tòmátì, ó sì wà nínú irú tí àwọn ìyá àgbà ń sè kí ọkọ̀ òkun kankan tó mú kóró wá. Kò tíì sí ẹ̀rí pé ìwọ̀n tí ènìyàn ń jẹ nínú oúnjẹ jẹ́ májèlé. Iyọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Nínú ọ̀pọ̀ irú kóró bẹ́ẹ̀, iyọ̀ nìkan tó bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kóró kan bá wọn gíráàmù 4, tí obìnrin kan sì sọ 5 sínú ìkòkò, gíráàmù 20 nìyẹn. Bí 10 nínú rẹ̀ ni iyọ̀, kí ó tó tún bu iyọ̀ gidi sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ ní ọjọ́ kan má tó gíráàmù 5. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í mọ̀ pé òun ní i títí yóò fi gbé wọn ṣánlẹ̀. Èrè àkọ́kọ́ tí ó wà nínú adùn egungun ni pé ẹni tí ó ṣe é ni yóò wọn iyọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. Kí a fọ egungun mọ́, kí a fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kí mùdùnmúdùn lè jáde, kí a sì nu omi ara rẹ̀ gbẹ, nítorí egungun tí ó tutù kì yóò pọ́n. Kí a tò ó sínú agbada lórí iná tí kò le, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí a gé, kí a máa yí i padà títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi rí bí ti ẹ̀pà yíyan. Kí a yọ èyí tí ó bá dúdú sọ nù. Lẹ́yìn náà kí a da omi sí i, kí a sì fi omi náà ha ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ agbada, nítorí ibẹ̀ ni adùn pọ̀ sí jù. Ẹni tí ó bá fi yanrìn fọ ìyẹn dànù, olórí iṣẹ́ ni ó fọ̀ dànù. Kí a bò ó, kí ó máa hó jẹ́ẹ́jẹ́ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí a sẹ́ ẹ, kí a fi ṣíbí kó ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò nígbà tí ó ṣì gbóná, nítorí ọ̀rá ni ó ń tètè bà jẹ́. Omi tí ó kù ni kí a tún sè títí yóò fi ki bí oyin. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ní ọjọ́ náà lè dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lúbúlúbú ni kí ó po edé tàbí irú gbígbẹ tí a ti lọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, kí ó sì máa yan án lórí iná rọra bí ẹni ń yan gàrí títí yóò fi gbẹ pátápátá. Kí ó ṣe ìwọ̀nba tí ilé yóò lò tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá rọ̀, tàbí tí ó bu, kí a dà á nù; kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé iná yóò tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ní ewu nínú, ẹni tí ó bá sì yin iṣẹ́ kan tí ó fi ewu rẹ̀ pamọ́ kò fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀. Èkíní, kí a má ṣe lo egungun ẹran tí ó kú fúnra rẹ̀, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Ní 2023, àrùn anthrax pa ẹran ní oko kan ní ìpínlẹ̀ Niger, ìjọba sì kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa pọ̀nmọ́ àti ẹran tí a kò mọ orísun rẹ̀. Irúgbìn àrùn náà le débi pé ó lè la omi híhó já. Kí a má ṣe lo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn màlúù pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a fi egungun àti àjákù lílọ̀ bọ́ màlúù láti fi ṣe ọrọ̀ ajé, títí àrùn tí ó ń sọ màlúù di wèrè fi yọjú ní 1986. Ní 1996 ni ó sì hàn pé ó ti kan ènìyàn. Iná kì í tètè pa ohun tí ó ń fa àrùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ tí a fi táyà jó kò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò.

Èkejì ni jíjóná. Rúsúrúsú ni a ń wá, kì í ṣe èédú. Láti 1977 ni àwọn onímọ̀ ní Japan ti fi hàn pé ohun tí ó lè ba ara jẹ́ wà lójú ẹja àti ẹran tí ó jóná. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2008 pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ adùn pé kí ooru má ju ìwọ̀n 180 lọ, kí ó má sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ ní ìwọ̀n náà. Bí àwọn tí ó ní ẹ̀rọ bá ń ṣọ́ra báyìí, ẹni tí ó ń dá iná igi kò gbọdọ̀ fi agbada sílẹ̀ lọ fọ̀rọ̀ jomitoro ọ̀rọ̀ ní ojúde.

Ẹ̀kẹta ni ó kan agbègbè yìí jù lọ. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Bọ̀nọ́, ti fi Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ ṣe ibùgbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti sùn ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn kò sì padà wálé. Eku ni ó ń gbé e kiri, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn mú tí ohun gbogbo ń tètè gbẹ, ni àrùn náà máa ń le jù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá egungun tàbí èròjà ọbẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà tàbí sórí àpáta. Lórí iná ni kí ó ti gbẹ, inú ìgò tàbí agolo tí ìdérí rẹ̀ le ni kí ó bọ́ sí ní wákàtí kan náà, kí egungun tí a ti sè tán sì wọ inú ilẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Inú ìkòkò tí ó ń hó ni kí a bu lúbúlúbú náà sí, kì í ṣe orí oúnjẹ tí a ti bù sínú àwo. Ẹni tí kò bá lè pa òfin yìí mọ́, ó sàn kí ó fi egungun sílẹ̀ fún ajá.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀tàn. Ẹran a máa fi ara rẹ̀ hàn. Lúbúlúbú kì í sọ orúkọ ara rẹ̀. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í sì í jẹ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ pẹ̀lú sì ń pa ohun tí a kọ nípa ẹ̀jẹ̀ sí inú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 15 mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta adùn fún aládùúgbò rẹ̀, kí ó yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ẹran tí ó lò sí ara ìgò.

Èyí tí ó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé dídùn kì í ṣe bíbọ́. Liebig rò pé omi ẹran tí òun fà yọ yóò bọ́ aláìsàn àti tálákà. Nígbà tí ó yá, ó hàn pé adùn pọ̀ nínú rẹ̀ ju agbára lọ. Ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí, obìnrin oníṣègùn kan, Cicely Williams, kọ̀wé ní 1933 nípa àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pupa, nítorí oúnjẹ amáradàgbà tí kò tó. Ní 1935 ni ó fún àìsàn náà ní orúkọ tí àwọn Gaa ń pè é, kwashiorkor. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa fi omi ọbẹ̀ dídùn jẹ èkọ lójoojúmọ́, nígbà tí bàbá ń jẹ ẹran, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá ti dùn nítorí egungun, owó tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ kóró yẹn ni kí a fi ra ẹyin, ẹ̀wà tàbí ẹja fún ọmọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, adùn ti di olè inú ilé.

Àwọn kan yóò wí pé bí gbogbo ènìyàn bá mọ ìwúlò egungun, alápatà yóò gbé owó lé e, tálákà yóò sì pàdánù rẹ̀ bí ó ti pàdánù pọ̀nmọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbùkù, kò sì sí ìdáhùn tí ó pa á run. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ kò tíì sọ tálákà kan di ọlọ́rọ̀ rí. Ohun tí ó tọ́ ni kí ìmọ̀ náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ilé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, kí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ àti ti ọjà sì bá alápatà dá iye owó kan ní ìrẹ́pọ̀. FUTA wà ní Àkúrẹ́ láti 1981, Rufus Giwa Polytechnic wà ní Ọ̀wọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdóàní gan-an. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ jáde kúrò nínú ìwé kí ó dé ẹ̀gbẹ́ ààrò, kí ọmọ tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní òwúrọ̀ sì lè sọ fún ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìdí tí isàlẹ̀ agbada fi dùn.

Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe àkọ́kọ́ nnì kò ní parẹ́, ṣùgbọ́n ó lè gba àfikún: ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, èyí tí owó kò bá tó, kí ìmọ̀, sùúrù àti ìmọ́tótó pa á.